Orí Keje Tí Olóyè Gbénró Kò Kà

Ẹni tó bá fẹ́ rí Olóyè Ebenezer Gbénró nígbà tí ayé ṣì ń yẹ ẹ́, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà sílẹ̀. Kì í ṣe mọ́ṣáláṣí ló fẹ́ wọ̀ o, kì í sì í ṣe ààfin. Ọ́fíìsì lásán ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Okokomaiko, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fíríìjì tòkunbọ̀. Bí ẹ bá bọ́ bàtà tán, Saheed akọ̀wé yóò gbé àpótí kékeré kan fún yín, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó fọṣọ, kí orí yín má baà ga ju orúnkún Olóyè lọ. Olóyè fúnra rẹ̀ ń bẹ lórí àga tí wọ́n gbé ka pèpéle, ó tẹ́ awọ àgbò sí abẹ́ ìdí, fáànù méjì sì kọjú sí i. Ọ̀kan ń fẹ́ ojú rẹ̀. Èkejì ń fẹ́ agbádá rẹ̀, kí ó lè máa fò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé iṣẹ́ kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yẹ Ìwé Ìtàn Ọ̀dọ́ Wò. Ìwé ìtàn yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti Ìyànà-Ìbà títí dé Ọ̀jọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kọjá. Kí ló mọ̀ nípa ìwé ìtàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tètè bínú. Láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Èkìtì wá sí Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi rán an ni kí ó máa bójú tó àga àti tábìlì. Bí ìpàdé bá wà, òun ló ń rí i pé àga pé. Ẹnì kan wá gbà lókè lọ́hùn-ún pé ẹni tó mọ àga tó bẹ́ẹ̀ á mọ ìjókòó, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n jókòó á mọ̀wé. Mi ò sọ pé kò dáa o, mo kàn ń ròyìn ni.

Bí Olóyè bá wúkọ́, Saheed yóò pariwo pé, "Ìwé ti sọ̀rọ̀!" Bí ó bá sín, gbogbo àlejò yóò dìde dúró. Ọjọ́ kan wà tí òtútù mú un, tí ó ń sín láti àárọ̀, àwọn òǹkọ̀wé tó wá rí i lọ́jọ́ náà kò sì ráyè fi ìdí kan àpótí títí wọ́n fi lọ sílé.

Ìkíni ni Olóyè fẹ́ràn jù láyé. Ta ni nínú wa tí kò fẹ́ràn rẹ̀? Àwa Yorùbá la ń kí ẹni tó jókòó, tí à ń kí ẹni tó dúró, tí à ń kí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń wo ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n Olóyè gbé e débi tí orí kò gbà á mọ́. Ó ṣòfin pé nínú ìwé ìtàn èyíkéyìí, bí ọ̀dọ́ kan bá pàdé àgbà, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ìkíni náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti bí ó ṣe béèrè ilé àti ọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ fò ó. Ọ̀dọ́ kò sì gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ àgbà, ohun yòówù kí ó máa ṣẹlẹ̀. Ìfẹ́? Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ọmọkùnrin inú ìwé kò gbọ́dọ̀ wo ọmọbìnrin títí yóò fi ṣe àgùnbánirọ̀ tán, bí yóò bá sì wò ó nígbà náà, kí ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ebi pàápàá kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ nínú ìwé, kí àwọn èèyàn má baà rò pé ìjọba ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí fi ojú Kàsúmù rí. Kàsúmù jẹ́ ọmọ bíbí Ìbà, onílé ni, ó sì ń kọ ìtàn tí àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi dì mọ́ inú. Nínú ìwé rẹ̀ kan, ajá burúkú kan lé ọmọkùnrin kan títí tí ọmọ náà fi fo ògiri wọ inú kànga. Olóyè fọwọ́ lu tábìlì.

"Ta ló ni ajá yẹn?"

"Bàbá kan ni, sà."

"Bàbá! Ọmọ rẹ ń sáré kọjá níwájú bàbá, kò sì kí i! Ṣé irú ọmọ tí ẹ̀yin òǹkọ̀wé fẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn?"

Nínú ìwé tí ìgbìmọ̀ wá fọwọ́ sí, ọmọ náà dúró, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí bàbá, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ, ó kí wọn kú ìtọ́jú ajá. Ajá náà dúró tì í, ó ń mira, ó ń retí kí ìkíni parí kí òun lè bu ọmọ jẹ. Kàsúmù sunkún nígbà tí ó rí i lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìwé òun wọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ó fa àgbò kan láti ọjà ẹran Alaba Rago lọ fi dúpẹ́. Awọ àgbò náà ni ẹ rí lábẹ́ ìdí Olóyè lẹ́ẹ̀kan.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí kí Ọmọ́yẹlé tó gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wá.

Tíṣà Yorùbá ni Ọmọ́yẹlé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Igbó-Elérin. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n orí kunkun rẹ̀ le. Ọjọ́ pẹ́ tí ó ti ń ṣàkíyèsí nǹkan kan. Lẹ́yìn kíláàsì, ọmọbìnrin kan yóò wá síwájú tábìlì rẹ̀, yóò dúró, yóò máa fọwọ́ pa etí ìwé rẹ̀. Ọmọ́yẹlé á ní, "Kí ló dé?" Ọmọ náà á ní, "Kò sí nǹkan, mà," á sì lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mìíràn ni. Ìdúró kan náà, èsì kan náà. Ọmọ́yẹlé wá jókòó, ó kọ ìwé kan fún wọn, ó pè é ní *Jùwọ́n Kò Dákẹ́*. Ìwé ẹ̀rín ni, ìwé ọ̀rẹ́ àti ìdánwò àti fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú orí keje, ọkùnrin tó ń wá kọ́ Jùwọ́n ní lẹ́sìnnì nílé ti ìlẹ̀kùn, ó sì gbé ọwọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀rẹ́ ẹbí ni ọkùnrin náà, gbogbo ilé ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Jùwọ́n figbe ta, gbogbo àdúgbò sì gbọ́.

Olóyè dá ìwé náà padà sí i láti orí pèpéle. Ó mú un ní ìka méjì péré.

"Lákọ̀ọ́kọ́ ná," ó ní, "o kúnlẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó ọ. Èkejì, ọmọ inú ìwé rẹ ń pariwo mọ́ àgbà. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí mo jẹ́? Èmi ni odò tí ìtàn ń gbà kọjá kó tó dé etí ọmọ! Èmi ni asẹ́! Èmi ni agbọ̀n! Èmi ni..."

Ó gbàgbé ìyókù. Ó wúkọ́.

"Ìwé ti sọ̀rọ̀!" ni Saheed wí.

"Sà," Ọmọ́yẹlé ní, "kí lẹ fẹ́ kí ọmọ náà ṣe?"

"Kí ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́! Kí ó ní, ẹ kú iṣẹ́, sà, ẹ kú làálàá, mo tọrọ gáfárà, mo fẹ́ lọ mu omi."

"Tí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì ńkọ́, sà?"

"Kí ó tọrọ kọ́kọ́rọ́! Pẹ̀lú ọ̀wọ̀!"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín níbí yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ọmọ́yẹlé náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè láti orí àpótí.

"Olóyè, mo ń kọ̀wé fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́."

"Wọn ò mọ nǹkan kan! Ìwọ lo fẹ́ kó ìmọ̀ burúkú bá wọn."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́ ni wọn ò ní. Iṣẹ́ àwa tí à ń kọ̀wé fún wọn nìyẹn, pé ká fún wọn ní ọ̀rọ̀."

Olóyè wo Saheed. Saheed wo Olóyè. Kò sí ẹni tó ti bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ọ́fíìsì náà, wọn kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí èèyàn wúkọ́ sí i. Ní ìkẹyìn, Olóyè mú òǹtẹ̀ tó tóbi jù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé pé KÒ YẸ. Ó ní bí obìnrin náà bá yọ orí keje kúrò kí ó tó di ọjọ́ àjọ̀dún ìwé tí ìgbìmọ̀ ń múra sílẹ̀ fún, òun yóò yí òǹtẹ̀ náà padà. Bí kò bá yọ ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní gbogbo agbègbè náà kò ní gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kankan láéláé.

Kàsúmù lọ bá a nílé. "Tíṣà, ẹ yọ ọ́," ó ní. "Ẹ wo tèmi. Ó burú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kà á."

"Wọ́n ń ka kí ni, Bùọ̀dá Kàsúmù? Ìkíni ajá?"

Kàsúmù dìde, ó lọ sílé. Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgboyà bí ó ṣe ń fẹnu sọ ọ́. Ó jókòó ti ìwé náà, ó yọ orí keje, ó ka ohun tó kù. Ó dùn, ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí àwọn ọmọ tí ń fọwọ́ pa etí ìwé níwájú tábìlì rẹ̀, ojú tì í, ó dá orí keje padà sáàyè rẹ̀.

Olóyè ní tirẹ̀ kò dúró lásán. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun yóò fi han gbogbo òǹkọ̀wé bí wọ́n ti ń kọ̀wé fún ọ̀dọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìwé kan jáde láti ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìyànà-Ìbà, àwòrán Olóyè wà níwájú rẹ̀, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wà láàárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Orúkọ ìwé náà ni *Ọmọ Tó Mọ Ìkíni*. Mo ti kà á fún yín, kí ẹ má baà fi àsìkò yín ṣòfò. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìwàtútù. Iná mú ilé wọn. Ìwàtútù lọ pe àwọn àgbà àdúgbò, ó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ayò. Ó kúnlẹ̀, ó dúró kí wọ́n ta ọ̀pọ́n náà tán, nítorí ọmọ kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ó kí bàbá tó dàgbà jù, ó kí èyí tó tẹ̀ lé e, ó sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí ẹni tó kéré jù. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé wa ń jó." Gbólóhùn tó parí ìwé náà ni pé ilé jó tán, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ náà kò jó. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ girama há a sórí kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé, wọ́n sì há a sórí.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Igbó-Elérin kún dé ẹnu ọ̀nà, òbí, tíṣà, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nínú ọlọ́kan-ò-jọ̀kan aṣọ. Àlejò pàtàkì ni Àlájà Ọmọ́wùmí, obìnrin tó fi Olóyè sórí oyè alága, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè múni kúrò níbẹ̀. Níwájú pátápátá ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwaladé jókòó sí. Òun ni Olóyè yàn ní Ọmọ Àwòkọ́ṣe. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò ètò ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan, kò rẹ́rìn-ín, kò béèrè nǹkan kan. Olóyè ní, "Ẹ wò ó! Ó dákẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀! Irú ọmọ tí mò ń wí nìyí!" Ìyá rẹ̀, Mercy, tó ń ta ohun èlò fóònù ní Alaba, jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú nígbà tí wọ́n dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ́yẹlé náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ Kàsúmù, ìwé rẹ̀ wà nínú báàgì pẹ̀lú orí keje rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún Olóyè níṣojú gbogbo èèyàn pé òun kò ní yọ ọ́.

Wọ́n há máíkì kékeré mọ́ ọrùn bùbá Olóyè, nítorí ó fẹ́ máa fi ọwọ́ méjèèjì jùwọ́. Ó dìde. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi kò wá ìwé lọ, ìwé ló wá mi wá! Lẹ́tà A rí mi, ó bẹ́rí! B rí mi, ó kúnlẹ̀! D dọ̀bálẹ̀, kò sì tíì dìde títí di òní! Ẹni tó bá kọ̀wé fún ọ̀dọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, inú òkùnkùn ló ń kọ̀wé! Inú afẹ́fẹ́! Inú omi!"

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún àsìkò yín, n kò ní kọ ìyókù. Nígbà tí òógùn ti bo agbádá àkọ́kọ́, ó kéde pé òun ń lọ pààrọ̀ sí ìkejì, kí gbogbo èèyàn má ṣe mira. Òun àti Saheed wọ yàrá ẹ̀yìn pèpéle. Agbádá ni ó bọ́. Kò bọ́ bùbá.

Jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn yàrá náà kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń fi ohùn rẹ̀ ṣe nínú gbọ̀ngàn. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ló gbọ́.

"Saheed, fẹ́ mi. Ooru fẹ́ pa mí. Ṣé o rí Àlájà yẹn? Mítí-páì mẹ́ta ló ti jẹ. Kò mọ ìwé o, oúnjẹ ló mọ̀."

"Òótọ́ ni, sà. Ìwé ti sọ̀rọ̀."

Nínú gbọ̀ngàn, Àlájà rọra gbé mítí-páì ìkẹrin sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ na ọwọ́ kí ó pa á.

"Fi sílẹ̀," ni Àlájà wí. "Àgbà ń sọ̀rọ̀."

"Àwọn òbí yẹn náà ńkọ́?" ohùn Olóyè ń bá a lọ. "Àwọn ará Alaba tó ń ta wáyà. Fún wọn ní nǹkan jẹ, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ewúrẹ́."

"Sà, ẹ ti ka ìwé wa tán báyìí, àbí? Wọ́n lè bi yín léèrè o."

"Ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn? Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà kà á. Fọ́tò mi, mo ti wò wọ́n dáadáa."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń darí ètò fò dìde. Ó fẹ́ sáré wọ yàrá náà, àmọ́ ó rántí ohun tí Olóyè fúnra rẹ̀ ti kọ sínú ètò ọjọ́ náà, pé bí òun bá wà ní yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé tọ òun àyàfi Ọmọ Àwòkọ́ṣe. Ó bá sọ fún Tiwaladé létí pé kí ó tètè lọ sọ fún wọn pé máíkì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tiwaladé lọ. Ó ti há ìwé sórí, ó mọ ohun tí ọmọ tó ń jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dákẹ́, ó ń dúró kí àgbà parí ọ̀rọ̀. Olóyè rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Obìnrin Igbó-Elérin yẹn ńkọ́, sà?" Saheed béèrè. "Ó tún wà níta."

"Ṣé mo ka ìwé rẹ̀ ni? Ìwọ lo ní ọmọ kan pariwo níbẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ká ní ó kúnlẹ̀ dáadáa ni, ká ní ó fa àgbò dání bíi ti Kàsúmù, ọmọ rẹ̀ ì bá pariwo láti orí kìn-ín-ní dé ìparí ìwé. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Kàsúmù fi ọwọ́ bo ojú.

"Ó yá, ọmọ dáadáa," ohùn Olóyè wí, "kí ni iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ?"

"Ẹ káàsán, Olóyè. Ẹ káàsán, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ káàsán, Alàgbà. Ẹ káàsán, Asẹ́ Ìtàn. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ìpààrọ̀ aṣọ. Ilé ńkọ́, sà? Màmá ńkọ́?"

"O fo Baba Ìwé!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í kánjú kí àgbà."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́. Láàárín ìkíni kejì yìí, Olóyè rí àyè sọ fún Saheed pé mítí-páì tó kù, kí ó kó o pamọ́ kí Àlájà tó rí i. Ìkíni parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé máíkì yín ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ohùn kékeré kan jáde nínú ẹ̀rọ.

"Saheed."

"Sà?"

"Kí ni ọmọ yìí sọ?"

"Ó kí yín ni, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn tíṣà tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Alaba tó ń ta wáyà ló wá rín in jù, pẹ̀lú ìbínú nínú rẹ̀. Olóyè jáde, ó wọ agbádá kejì sódì, ó na gbalaja síwájú Àlájà. Saheed na gbalaja lẹ́yìn rẹ̀.

"Àlájà, iṣẹ́ èṣù ni! Ẹ̀rọ ló..."

"Kí mi dáadáa," ni Àlájà wí. "Má fo oyè mi kankan."

Ó kí i. Láti orí ilẹ̀ ló ti kí i, ó gun orí oyè kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí ó parí, Àlájà béèrè ta ni obìnrin Igbó-Elérin tí wọ́n ń sọ. Ọmọ́yẹlé dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú. Àlájà wo òǹtẹ̀ KÒ YẸ tó wà lára rẹ̀, ó sì kọjú sí ẹni tó wà nílẹ̀.

"Olóyè, kí ló wà nínú orí keje ìwé yìí tí kò fi yẹ?"

Olóyè wo Saheed, ṣùgbọ́n Saheed ti dojú délẹ̀ pátápátá.

"Orí keje..." ó ní. "Àlájà, orí keje... lẹ́yìn orí kẹfà ni ó wà."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Wọ́n dá a padà sídìí àga àti tábìlì. Mo gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí ó jókòó lórí wọn. Saheed ń wúkọ́ fún ọ̀gá mìíràn báyìí, nítorí irú wọn kì í rí ìṣẹ́. Àlájà gbé ìwé Ọmọ́yẹlé lọ sílé, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Kí tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e tó wọlé, *Jùwọ́n Kò Dákẹ́* ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ láti Igbó-Elérin títí dé Ọ̀jọ́. Kàsúmù dá ajá rẹ̀ padà sẹ́nu eré. Ọmọ́yẹlé ń rẹ́rìn-ín lọ́nà, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Ọ̀sán Sátidé kan, ẹnì kan gbá ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mercy ni, ìyá Tiwaladé. Ó mú ìwé náà dání, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé."

"Mi ò jókòó. Ìjà ni mo bá wá." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jọ ti oníjà. "Bùọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ń wá kọ́ Tiwaladé ní mátíìsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá. Lánàá ó dé, mo wà ní kíṣìnnì. Mo kàn gbọ́ igbe. Ọmọ tí kò pariwo rí látọjọ́ tí mo ti bí i! Gbogbo kọ́ḿpáǹdì jáde. Ojú tì mí, tíṣà. Mo gbá ọmọ mi létí. Mo bẹ bùọ̀dá, mo sìn ín dé géètì."

Ọmọ́yẹlé gbé àga kan sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí mo padà wọlé, ó gbé ìwé yín síwájú mi. Ó ní, Mọ́mì, ẹ kà á. Mo kà á." Mercy ṣí ìwé náà. "Jùwọ́n pariwo, àdúgbò gbọ́, orí keje parí. Nínú orí kẹjọ ó ti ń lọ sílé ìwé. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe? Mo wá a, mo wá a, ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀!"

Gbogbo ìjà tí Ọmọ́yẹlé ti bá Olóyè jà lórí orí kan yìí, kò ronú kan ìyá náà rí. Ó rò pé bí ọmọ bá ti pariwo, ó tán.

"Mi ò kọ ọ́, mà," ó ní. "Ó yẹ kí n kọ ọ́. Ẹ má bínú. Tiwaladé dà?"

"Ó wà lẹ́nu géètì yín. Ó ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọmọ́yẹlé jáde láìwọ bàtà, ṣùgbọ́n Mercy ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ títì, níṣojú àwọn tó ń kọjá, ìyá tó bí i lọ́mọ. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Dárí jì mí." Ọmọ náà dúró, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá pọ̀n.